Ibi tí Honora Yóò Ti Máa Jẹun

Ìró àkọ́kọ́ tí Honora Tregenza rántí láyé rẹ̀ ni ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ àlùmọ́gàjí ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn. Nínú yàrá tó ti ń sùn ló ti ń gbọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ló ni àgùntàn, òun náà ló ni ilẹ̀ dé ibi tí ojú lè tó.

Ọ̀dá ọdún mẹ́ta pa àgùntàn tán. Ọkàn bàbá dáwọ́ dúró lẹ́bàá kànga gbígbẹ, ó kú, báńkì sì gba ilẹ̀ nítorí gbèsè. Ìyá ti kú tipẹ́. Honora wà ní ìlú Kapunda nígbà náà, ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọbìnrin olówó ń gbé. Mísì Crouch, ọ̀gá ilé-ìwé, kò lé e. Ó kàn ní kó bọ́ aṣọ ilé-ìwé, kó so aṣọ iṣẹ́ mọ́ ìbàdí, kó kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná. Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn níyàrá kan tẹ́lẹ̀ ló wá ń pè é láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: "Honora, omi gbígbóná dà? Àbí o lọ pọn ọ́n lókun ni?"

Tilda Scobie nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún un pé, "Kérésì tó ń bọ̀, ilé wa la ti máa ṣe é." Ìlérí yìí ni Honora fi ń jí láàárọ̀, òun ló sì fi ń sùn.

Ìsinmi Kérésì dé. Honora gbé àpótí Tilda sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ oòrùn. Ó ti di aṣọ tirẹ̀ sínú bébà, ó fi pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Tilda bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin.

"Honora ọmọ mi! O mà ti ga o! Ọ̀rọ̀ bàbá ẹ dùn wá gan-an."

"Ẹ ṣé mà."

Obìnrin náà wo aṣọ iṣẹ́ tó wà ní ìbàdí Honora. Ní ilẹ̀ olówó àgùntàn, iṣẹ́ ẹni ní í sọ ibi tí a ti ń jẹun: onílẹ̀ àti àlejò nínú ilé ńlá, ìránṣẹ́ nínú ilé ìdáná. Ẹnikẹ́ni kì í ṣì í.

"Tilda, ibo ni Honora á ti máa jẹun? Kí n lè mọ bí mo ṣe máa tẹ́ tábìlì ni."

Tilda ń wo ẹsẹ̀ ẹṣin. "Mi ò mọ̀, Màmá. Honora, ibo ló máa rọ̀ ẹ́ lọ́rùn?"

Ẹ̀gbọ́n Tilda ọkùnrin tó di ìjánu ẹṣin mú bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣe kíá o! Ẹṣin ò bèèrè ibi tóun á ti jẹun."

Honora dúró. Ká ní Tilda sọ pé "lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi" ni, ì bá ti sáré lọ mú ẹrù rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹṣin ni Tilda ṣì ń wò.

"Ẹ má ṣèyọnu, mà," ni Honora wí. "Mísì Crouch ní iṣẹ́ ṣì wà fún mi."

Irọ́ ni. Ojú Tilda tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ara tù ú, èyí gan-an ló dun Honora ju ìbéèrè lọ.

"Màá kọ̀wé sí ẹ!" Tilda pariwo láti inú kẹ̀kẹ́. Eruku bò wọ́n.

Honora gòkè. Ó kó aṣọ orí ibùsùn mẹ́rìnlélógún sílẹ̀, ó sè wọ́n nínú omi ọṣẹ, ó fún wọn, ó sá wọn sórí okùn. Kí ó tó sá èyí tó kẹ́yìn tán, oòrùn ti gbẹ àkọ́kọ́. Ẹni méjì ló máa ń ká aṣọ ńlá bẹ́ẹ̀. Ó fi àgbọ̀n di etí kan mú, ó na ọwọ́ méjèèjì títí wọ́n fi ro ó, ó ká a, ó tún un ká, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì na ọwọ́ mú òmíràn, títí okùn fi ṣófo.