Èébú Lára Ilẹ̀kùn Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin

Jẹ́jẹ́ là ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò lè bá eṣinṣin jà. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló máa bẹ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ wa ń ta ilẹ̀kùn, èmi àti òun la sì ń tún ojú-ewé rẹ̀ ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ilẹ̀kùn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ogún ọdún ni Màdáámú, ọ̀gá wa, fi kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tẹ taipúráítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀kùn. Kì í wo iṣẹ́ wa, ó máa ń gbọ́ ọ ni. Bí kíbọọ̀dù bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, inú rẹ̀ á dùn. Bó bá dákẹ́, á yọjú láti yàrá rẹ̀, á ní ṣé a ti sùn ni.

Èmi ni mo fi ọgbọ́n kan han Jẹ́jẹ́. Bó o bá tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, tó o fa máòsì wálẹ̀, igi tín-ín-rín tó máa ń ṣẹ́jú níbi téèyàn fẹ́ kọ̀wé á yọ sórí gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó o bá kọ sórí ọ̀kan, ó ti wà lórí gbogbo wọn. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di ti ìṣẹ́jú mẹ́ta. A ò sì sọ fún Màdáámú o. Ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù ru ara rẹ̀?

Àmọ́ iṣẹ́ ti tán, kíbọọ̀dù sì gbọ́dọ̀ máa dún. Èmi máa ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Jẹ́jẹ́ ní tiẹ̀ máa ń kọ ohun tí kò jẹ́ fẹnu sọ láéláé, á sì pa á rẹ́ kó tó relé. Ọdún méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ó fi “tuntun” kún gbogbo ilẹ̀kùn. Ó gbàgbé pé àwọn igi tó ń ṣẹ́jú yẹn ṣì wà lórí gbogbo ìlà, ló bá kọjú sí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kíbọọ̀dù kó lè máa dún. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, Màdáámú ké sí i pé kó fi iṣẹ́ sórí ojú-ewé kíá. Ó fi ránṣẹ́ láìwò ó.

Oníbàárà kan fóònù, Màdáámú fúnra rẹ̀ ló sì gbé e. Ọkùnrin náà ní ilẹ̀kùn kan wu òun, àmọ́ òun rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé “Etí ni Màdáámú ní, kò lójú.” Ó ní ṣé Màdáámú lorúkọ igi tí wọ́n fi ṣe é ni.

Màdáámú jáde wá bá Jẹ́jẹ́, kò pariwo. “Ẹni tínú ń bí á bú èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ jókòó, o kọ ọ́ nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kí ni mo fi ṣe ẹ́?” Ó ní kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá di ìdààmú. Bí Jẹ́jẹ́ bá dákẹ́, iṣẹ́ bọ́, ọmọ mẹ́ta sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, ọ̀lẹ ọdún méjì tú síta. Èmi ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Mi ò níwà, mo mọ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́, mà,” Jẹ́jẹ́ ní, ó sì fi ọgbọ́n náà hàn án.

Màdáámú ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Màdáámú fa àga, òun náà dán an wò. Ó ní òun ti fi èébú ẹ̀ẹ̀kan jì í, kó padà sídìí iṣẹ́, àmọ́ ta ló kọ́ ọ?

Jẹ́jẹ́ ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ó ní òun nìkan lòun ṣàdédé rí i. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, torí tèmi ló sì ṣe pa á. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Màdáámú wá nàka sí mi, ó bi Jẹ́jẹ́ pé, “Bí ìwọ nìkan bá lè ṣe é ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ni mo wá ń fi èyí ṣe?”

Mo dìde fùú. “Mà, èmi ni mo kọ́ ọ.”