Àríyànjiyàn Ìlasa ní Ẹ̀yìnkùlé

Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ ọmọ aráyé, tí kò fi sẹ́ni tó máa gbọ́ pé Ìgbó-Ọrà ni mò ń gbé tí kò ní bi mí léèrè ìbejì. Ọjọ́ tí mo wọ ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí fóònù, mo kí wọn dáadáa bí ọmọlúàbí. Mo ní tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí, mo ní Ìgbó-Ọrà ni mo wà. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ti bò mí. Ṣé omi yín ni? Ṣé ọkà láfún ni? Ṣé ìlasa ni, ewé ilá tí ẹ fi ń se ọbẹ̀? Àwọn tó wà lókè òkun gan-an, tí wọn ò mọ̀nà Ìgbó-Ọrà, ń bi mí bí ẹni pé èmi ni mò ń pín ìbejì lẹ́nu odi ìlú. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, èmi nìkan ṣoṣo ni ìyá mi bí lọ́jọ́ tó bí mi, ìlasa náà ló sì ń jẹ kó tó lóyún mi. Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ yẹn dáa, mi ò ní purọ́. Tíṣà ló pọ̀ jù níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn ò kan sáyẹ́ǹsì rárá, òṣùpá àti ìràwọ̀ ni wọ́n kàn fẹ́ràn láti máa wò. Ìṣòro ibẹ̀ ni Alága. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n ní Ẹrúwà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò tíì fẹ̀yìn tì. Sáyẹ́ǹsì nìkan ni kí á máa sọ. Bí o bá kí èèyàn káàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní o ń fi dátà ẹgbẹ́ ṣòfò. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan fi àwòrán ẹja àrọ̀ tó rà ránṣẹ́, ẹja tó sanra dáadáa. Alága wàásù lé e lórí títí onítọ̀hún fi ní kí wọ́n dárí ji òun. Inú bí mi. Ẹja tí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni!

Mo bá dá yàrá mìíràn sílẹ̀, mo pè é ní Ẹ̀yìnkùlé. Ṣé ẹ mọ̀ pé iwájú ilé la ti ń gbàlejò, ẹ̀yìnkùlé lèèyàn ti ń tú gèlè, tó ń na ẹsẹ̀, tó ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi síbẹ̀: ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì sọ ọ́, á fi ohùn ara rẹ̀ kọrin ránṣẹ́, a ó sì fi ohùn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwòrán ewúrẹ́ mi, níbi tó ti gun orí ọ̀kadà bàbá àwọn ọmọ mi, ni mo lẹ̀ mọ́ orúkọ yàrá náà. Àwòrán yẹn náà ló wà lára orúkọ tèmi, torí gbogbo ìyókù tí mo yà, ojú mi ló ń bà á jẹ́. Kò pẹ́ tí Alága fi wọlé wá. Wọ́n ní àwọn kàn wá ṣe ìbẹ̀wò ni. Wọn ò tíì jáde títí di òní.

Kí là ń sọ níbẹ̀? Ìsọkúsọ ni. Ṣé kí èèyàn fi omi gbígbóná rẹ ẹ̀wà tàbí omi tútù. Àkùkọ aládùúgbò tó ń kọ lọ́sàn-án gangan. Àwọn akọrin ìjọ kan tí ohùn wọn máa ń mú kí pásítọ̀ di ojú, tí àwọn èèyàn sì rò pé àdúrà ló ń gbà. Bàbá Lánlátẹ̀ ló máa ń dá ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà físíìsì ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn ní Lánlátẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá fi ohùn ránṣẹ́ láti oko, atẹ́gùn lo máa gbọ́, wàá wá gbọ́ “ẹ̀yin ọmọ yìí”, atẹ́gùn á tún padà dé.

Ẹni tó sì máa ń dá wọn lóhùn ni obìnrin kan tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta. Ìyá Ẹ̀rí la sọ ọ́. Kò sí ohun tó o lè sọ tí kò ní béèrè ẹ̀rí rẹ̀. O ní òjò máa rọ̀ lónìí, ẹ̀rí dà? O ní ọmọ rẹ gbọ́n, ẹ̀rí dà? Nígbà tí Bàbá Lánlátẹ̀ sọ pé ibà kọ lu àwọn, àwọn gé àlùbọ́sà sínú ìbọ̀sẹ̀, àwọn wọ̀ ọ́ sùn, ibà bá lọ, Ìyá Ẹ̀rí ní, “Bàbá, oorun ló ṣiṣẹ́, ẹ wá ń san owó oṣù fún àlùbọ́sà.” Háà! A rẹ́rìn-ín títí. Inú bàbá bàjẹ́ débi pé wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí wọ́n sì padà, kò sẹ́ni tó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bínú.

Ní ti ìlasa, Ìyá Ẹ̀rí gan-an ni ọ̀rẹ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dá ọ̀rọ̀ ìbejì sílẹ̀, kí n tó lanu, ó ti dé. Ó ní tó bá jẹ́ pé ewé ilá ló ń fúnni ní ìbejì, ewúrẹ́ tó wà lórí ọ̀kadà yìí ì bá ti bí ìbejì. Alága ní ewúrẹ́ kúkú ń bí ìbejì. A ní sáyẹ́ǹsì nìyẹn, kí wọ́n kọrin. Wọ́n kọ ọ́, Ọlọ́run ló mọ orin tó jẹ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Mò ń fọ aṣọ lọ́wọ́, mo nu ọwọ́ mọ́ ìró, mo gbé fóònù. Mo rí ohun tí Ìyá Ẹ̀rí kọ:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá ewé ìlasa, kí ẹ sì kọ́ mi bí àwọn ìyá Ìgbó-Ọrà ṣe ń sè é. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Dókítà ti ṣe gbogbo èyí tí wọ́n lè ṣe. Ìyá ọkọ mi ti ń mú ọmọbìnrin kan wá sílé wa. Mo mọ̀ pé kò sí ẹ̀rí kankan. Ìbejì kọ́ ni mò ń wá, ọ̀kan péré ni. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ọkàn mi kọ́kọ́ bàjẹ́ fún un. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro ohun tí màá sọ ni mo wá wo òkè fóònù. Ewúrẹ́ ni mo rí níbi tó yẹ kí n ti rí ojú rẹ̀. Ewúrẹ́ Ẹ̀yìnkùlé ni. Èmi ni ọmọ náà fẹ́ kọ ọ́ sí, ewúrẹ́ kan náà tó wà lára orúkọ mi àti ti yàrá ló ṣì í lọ́nà, ó sì ti kọ ọ́ síwájú gbogbo ayé.

Mo kígbe “Yéè!” Bàbá àwọn ọmọ sáré jáde pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n rò pé ejò ni.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ibi tí Ẹ̀yìnkùlé jẹ́. Ẹnìkan fẹ́ fi ìwọ̀n ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí télọ̀ rí, ọ̀dọ̀ wa ló fi í sí. Ìdí Ńlá la ń pè é di òní. A kì í ṣàánú èèyàn níbẹ̀. Ìyá Ẹ̀rí sì ti fi ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀sín lórí àgbo, lórí àlá, lórí àlùbọ́sà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá kọ “ẹ̀rí dà?” sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ yìí máa jáde kúrò láàárín wa, kò sì ní padà mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti wá rántí orúkọ tí a sọ ọ́. Nínú gbogbo ilé ayé, kò sẹ́ni tó tíì pè é ní ìyá, àfi àwa tí à ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Mo tún wo fóònù, ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ó ti pa á rẹ́. Ohun tó kù níbẹ̀ ò ju àmì pé ẹnìkan pa nǹkan rẹ́ lọ. Ó dá mi lójú pé ó ti mí kanlẹ̀, ó rò pé òun yá ju ojú wa lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, ta ni kì í wà lórí fóònù nínú wa? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ni fóònù bá fi hàn mí pé Bàbá Lánlátẹ̀ ń kọ nǹkan. Wọ́n kọ, wọ́n dúró. Wọ́n tún kọ. Mo ní ó tán, àlùbọ́sà fẹ́ gbẹ̀san. Mo pè wọ́n kí n lè bẹ̀ wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ. Mo tún pè, kò lọ. Mo bú iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìyá-tìyá. Ọ̀rọ̀ bàbá bá wọlé:

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wá bá mi dá ẹjọ́ kan. Láti àárọ̀ lèmi àti ìyàwó mi ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí ọbẹ̀ ìlasa. Ó ní kán-ún ló ń ṣáájú ewé wọ inú omi. Mo ní ewé ni. Ta ló jàre?”

Ẹ gbọ́ mi o. Ìyàwó Bàbá Lánlátẹ̀ ò sí nílé. Ó wà ní Ìbàdàn, ó ń wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá fi ń sunkún fún wa pé gàárì nìkan làwọn ń mu. Ta wá ni wọ́n ń bá jà láti àárọ̀? Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Alága ló kọ́kọ́ dáhùn. Alága tí wọn ò tíì gbé omi kaná rí láyé wọn! Wọ́n ní kán-ún ló ń ṣáájú, nítorí òun ló ń mú ewé rọ̀ tó sì ń jẹ́ kó fà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò. A ní sáyẹ́ǹsì ni, kọrin. Wọ́n kọrin. Nọ́ọ̀sì kan láti Ìdèrè ní irọ́ ni, kí ewé kọ́kọ́ hó díẹ̀. Ó ní kí wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí wọ́n má fi ìjábẹ̀ jà á bí ewédú. Ẹlòmíràn ní ta ló ń rẹ́ ìlasa, ẹ gún un. Èmi náà bọ́ sí i, mo ní gbogbo yín ò mọ nǹkan kan, mo sọ bí ìyá mi ṣe ń sè é láti ìgbà tó bá ti já ewé títí tó fi máa da irú sí i. Ẹnìkan béèrè bóyá èyí tí wọ́n sá gbẹ náà dáa. Nọ́ọ̀sì Ìdèrè ní kò dáa rárá, tútù ni, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ gbígbóná ní kété tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, kó má sùn mọ́jú. A jà, a bú ara wa. Ìdí Ńlá pe èmi tí mo tó ìyá rẹ̀ ní alásè-jóná.

Nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ. Àwọn ará òkè òkun tí kì í jẹ́ kí n sinmi, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń béèrè iye ata tó ń wọ̀ ọ́, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ìbejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mo jókòó ti bàsíà aṣọ mi, mo ń sunkún, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè nu ojú.

Ọ̀sán ti ń pọ́n kí Ìyá Ẹ̀rí tó sọ̀rọ̀. Ohun kan ló béèrè: “Báwo ni kán-ún náà ṣe máa pọ̀ tó?”

Bàbá Lánlátẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú àwọn. Wọ́n ní, “Díẹ̀ báyìí ni, ọmọ mi. Tó bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ á korò.” Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà sí àwọn màlúù tó wọ oko àwọn.

Ìyá Ẹ̀rí ò kọ nǹkan kan sí èmi níkọ̀kọ̀. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì í, èmi náà ò sì fẹ́ jẹ́ kó mọ̀ pé mo rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ṣé màá wá jókòó? Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo lọ sí oko àbúrò mi, mo já ìlasa tó dáa, mo fi ewé kókò dì í kó má baà rọ. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé e lọ sí gáréèjì kí n tó lọ sí ilé-ìwé, mo fún awakọ̀ tó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ nínú wa, torí òun là ń sá lọ bá tí àyẹ̀wò bá ti dé. Mi ò kọ orúkọ mi sí i. Mo ní kí awakọ̀ fi í lé ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kó má sọ ẹni tó rán an. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán ma. Ewé dé.”

Mo ní, “Ewé wo?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó ti Ìgbó-Ọrà wá nìyí, ewé kókò ni wọ́n fi dì í. Èyí tó ti Lánlátẹ̀ wá wà nínú àpò ajílẹ̀, ó tó ẹrù orí, kán-ún wà nínú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti Ìdèrè ti wà nílẹ̀ kí n tó dé ibi iṣẹ́. Ti Ẹrúwà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé báyìí, wọ́n tilẹ̀ fi ìkòkò sí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bi mí bóyá mo ti ń ta ẹ̀fọ́. Kò sí orúkọ lára ìkankan, ìlú tí wọ́n ti gbé e wá nìkan làwọn awakọ̀ sọ.”

Mo ka àwọn ìlú náà lórí ìka, ó pé mẹ́rin. Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mo gbọ́n.

Ó wá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo yín lẹ rí i ni?”

Mo gbìyànjú láti parọ́, irọ́ náà ò jáde. Mo ní, “Gbogbo wa la rí i, àbúrò mi.”

Mò ń gbọ́ àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń béèrè èsì àyẹ̀wò wọn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà.

Ó ní, “Láti Sátidé ni mo ti ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run bò mí láṣírí.”

Mo ní, “Ó kúkú bò ọ́.”