Ìgò Omi Tíṣà Wa

Bí mo bá rí omi tó rú nínú ìgò, ohùn tíṣà kẹ́místìrì wa ní Bukuru ni mo ń gbọ́. Á bu omi kòtò ìwakùsà sínú ìgò, á mì ín, á gbé e kalẹ̀, á jágbe lédè Hausa: “Ku bar shi! Ẹ má fọwọ́ kàn án. Hóró amọ̀ inú ẹ̀ pẹlẹbẹ bí ewé. Bí wọ́n ṣe rí ló ń mú wọn to ara wọn léra nísàlẹ̀, tí omi á fi tòrò, bí ẹnikẹ́ni ò bá rú u.”

Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ já sí kòtò yẹn, a wá a títí. Bí a ṣe ń wọ omi ló ń rú sí i. Tíṣà wí jẹ́jẹ́ pé: “Ku bar shi. Ẹ jáde, ẹ jẹ́ kó tòrò.”

Ìrọ̀lẹ́ ni omi tòrò. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sí ìsàlẹ̀ omi: “Ọmọ mi rèé.”