Dísìkì Tuntun Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ń pè ní Ó-Ń-Ṣí. Kì í ṣe orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ o. Àwọn tó ń wá gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ní ọ́fíìsì wa ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dé láàárọ̀, á tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà rẹ̀, á kọjú sí àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á ní, "Ẹ fara balẹ̀, ó ń ṣí." Á wá po tíì, á ka ìwé ìròyìn láti iwájú dé ibi tí wọ́n ti ń polówó mọ́tò, á pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù láti tún béèrè ohun tí wọ́n ti jọ sọ kó tó kúrò nílé. Kọ̀ǹpútà á máa kùn lábẹ́ tábìlì. Èmi tí mo ń lu òǹtẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo ń wò ó, inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àna rẹ̀ jà lójú aráyé?

Lójú tirẹ̀, òun ni òṣìṣẹ́ tó yára jù lọ nínú ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ ló ń fà á sẹ́yìn. Ó sọ ọ́ títí etí wa fi kún. Bí a bá jókòó jẹun nílé rẹ̀, ọ̀rọ̀ SSD ni, dísìkì ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú iṣẹ́. Ó ní hádì dísìkì àtijọ́ ní àwo kan nínú tó ń yí, pé àwo yẹn ti darúgbó, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní SSD kò ní ohun kankan tó ń yí nínú, kì í kùn, kò sì tóbi ju ṣingọ́ọ̀mù kan lọ.

"Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ," á na ọmọ ìka rẹ̀ sókè. "Bí wọ́n bá fi èyí tó mọ báyìí sínú ẹ̀rọ mi, ẹ ó rí iṣẹ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi á kàn máa bu ọbẹ̀ fún wa. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Nígbà tó yá, olórí ẹ̀ka wa fẹ̀yìn tì, àyè ṣí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ipò yẹn dénú eegun. Òun náà kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn ni iṣẹ́ òun máa parí sí. Ó wọlé tọ ọ̀gá wa obìnrin lọ, ọ̀gá kò sì fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Bàbá, mo gbọ́. A ó ra dísìkì náà fún yín. Tí bẹ́ǹṣì yẹn bá ti fúyẹ́ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, ẹ̀yin ni olórí ẹ̀ka."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ kà á sí ohun tó ti parí."

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé, ó gbé oríṣi méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan fẹ̀ díẹ̀, wáyà ni wọ́n fi ń so ó. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, inú pátákó ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n ń kì í bọ̀, ó sì yára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí lẹ ń tẹ̀. Èyí tó wọ́n yìí, àwọn tó ń gé fíìmù ló nílò ẹ̀. Ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọjú, ká fi owó tó kù ra mẹ́mórì."

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń wá ohun tó rọjú lójú ẹ ni? Èyí tó ń sáré yẹn ni kí o kì bọ̀ ọ́!"

Ó kì í bọ̀ ọ́. Dísìkì àtijọ́ tó yọ, ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà ọmọbìnrin tó wà ní tábìlì kejì, tí a ń pè ní Onídígí nítorí awò ojú rẹ̀ tó tóbi. Tirẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ náà dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wọ tai. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó yíjú sí àwọn ará bẹ́ǹṣì, ó la ẹnu. Kó tó sọ̀rọ̀, ojú kọ̀ǹpútà ti mọ́lẹ̀ kedere, ó ń dúró dè é. Ìyá kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ dìde.

"Bàbá, ó jọ pé ó ti ṣí."

"Mo rí i," ó dáhùn, ohùn rẹ̀ kò dùn.

Omi tíì kò tíì hó. Ó jókòó, ó na ìka kan ṣoṣo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà orúkọ ọmọ náà kiri lórí kíbọọ̀dù. Ó rí ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbójú sókè wò bóyá ó wọlé; kó tó gbójú wálẹ̀, ó ti gbàgbé ibi tó dé. Ó dáwọ́ dúró láti ka ìwé tí ìyá náà mú wá, ó kà á, ó tún un kà. Kọ̀ǹpútà dúró títí, kò rí ẹni bá ṣiṣẹ́, ó bá sùn lọ. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà bú sẹ́rìn-ín.

Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Kàkà kí bẹ́ǹṣì fúyẹ́, ńṣe ló ń kún sí i. Lọ́jọ́ kan mo bá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kọ́rídọ̀, ó ń bẹ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Jọ̀ọ́, ṣé o ò lè bá mi dá ti tẹ́lẹ̀ padà? Eléyìí ti yára jù. Kì í jẹ́ kéèyàn ronú."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti wà lọ́dọ̀ Onídígí. Ó ní òun ò fi sílẹ̀ fẹ́nì kankan."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò ní parọ́. Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀bẹ̀ fún eré ló wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ìjáfara.

Ní tábìlì kejì, dísìkì àtijọ́ ń kùn bó ṣe máa ń kùn. Ṣùgbọ́n bí Onídígí bá ti tẹ bọ́tìnnì, ìdí bẹ́ǹṣì ló ń lọ. Á gba ìwé tọ̀tún tòsì, á tètè sọ fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, á béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fi máa ṣí, gbogbo rẹ̀ ti wà ní títò, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á sì bọ́ sórí kíbọọ̀dù. Àwọn ènìyàn ti ń rọra sún sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Oṣù parí. Ọ̀gá jáde wá, ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo tábìlì méjèèjì, ó gbé ìwé pélébé tó fi ọwọ́ kọ síwájú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi: Onídígí ni olórí ẹ̀ka tuntun.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́, ká lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri," ni ọ̀gá wí, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ kankan lójú rẹ̀. "Kọ̀ǹpútà tiyín ló yára jù nínú ilé yìí."

Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ ṣí lójú ẹsẹ̀. Ó wá lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọmọbìnrin náà títí, kò rí i. Onídígí dìde, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìka hàn án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Òun rèé, Bàbá."