Fèrè Méjì Lábẹ́ Fèrèsé Màmá

Kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìyá Oníbọ́ọ̀sì ni èrò ọkọ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ ń pè é tó bá fẹ́ bá a ṣàwàdà. Ọkọ náà kò kúkú jayò pa. Iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà ti wọ ìyàwó rẹ̀ lára débi pé bí àwọn ọmọ bá dí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, ohun tó máa ń sọ ni, "Ẹ sún sẹ́yìn, àyè ṣì wà." Nínú bọ́ọ̀sì ẹ̀wẹ̀, á máa bi bàbá èrò ọkọ̀ tó fajú ro bóyá ó ti jẹun láàárọ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.

Ìyá tó bí i ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá òsì Màmá, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láràárọ̀, kí ọmọ rẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́, á gbé e jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Abẹ́ fèrèsé yẹn gan-an ni bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbà kọjá. Tó bá ti débẹ̀, á fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Màmá á sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó parí náà nìyẹn. Ọkọ̀ kò dúró, èrò kankan kò pẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gòkè yẹn ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé ìyá òun wà láàyè, pé kò ṣubú lórí àga, òun ló sì fi ń rí ọkàn wakọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ẹnì kan ládùúgbò wá lọ fẹjọ́ sùn ní gáréèjì pé fèrè ń dí òun létí. Ọ̀gá gáréèjì bá pe gbogbo awakọ̀ sípàdé, ó sì mú olùkọ́ kan wá láti là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí iṣẹ́ àti ilé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé yàrá méjì ni iṣẹ́ àti ilé, ògiri wà láàárín wọn. Àwọn mìíràn ní rárá, ìkòkò méjì lórí iná kan ni, èyí tó bá hó yóò ta sí ìkejì lára. Àwọn kan tún sọ pé ohun tí èèyàn kò bá rí nínú ilé ló máa ń lọ wá síbi iṣẹ́. Ó ní àwọn kan sì wà tó gbà pé ìlú méjì ni, ẹnu ibodè wà láàárín wọn, ẹni tó ń kọjá ló sì mọ bí yóò ṣe ṣí i tó. Ìyá Oníbọ́ọ̀sì mi orí sí èyí, ó dùn mọ́ ọn.

Ọ̀gá dìde. "Ní gáréèjì tiwa, ògiri la máa lò." Ó yíjú sí i. "Màdáàmù, ẹ gbọ́ àbí? Láti òní lọ, fèrè yẹn ti tán."

"Mo gbọ́ o, ọ̀gá," ni ó dáhùn, òun náà ti dìde. "Ṣùgbọ́n tí ọkàn mi ò bá balẹ̀ lórí ìyá mi, èrò inú ọkọ̀ yín ni mo máa fi ọkàn bẹ́ẹ̀ gbé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Ẹ tún fọn ọ́n, màá gbé yín kúrò lọ́nà yẹn."

"Ẹ ṣáà sọ ibi tí ẹ bá gbé mi lọ fún mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó síwájú. Ìyá Oníbọ́ọ̀sì ì bá fi ọjọ́ kan péré ṣe sùúrù. Ta ni yóò ṣe sùúrù? Ó dé abẹ́ fèrèsé, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá gbé ọwọ́.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe yìí?" ni ọ̀gá bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ìyá mi ni mo kí."

"Ẹ bá wa kí i o," ni obìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti gbé e lọ sí ọ̀nà òdìkejì ìlú, níbi tí kò ti sí nǹkan kan bí kò ṣe ilé ìkẹ́rùsí. Inú bí i gidi, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn ún jù ni ìgbà tó ń ya irun Màmá, tó ń ṣàlàyé fún un pé fèrè kò ní dún mọ́. Màmá kò lè fọhùn, ó kàn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fún ní ọ̀nà rẹ̀, àgbàlagbà awakọ̀ tí kì í sáré, tí kì í sì í sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pàdé nídìí ẹ̀rọ omi ní gáréèjì.

"Màmá ní kí n kí ẹ," ni ọkùnrin náà sọ.

"Màmá wo?"

"Tìẹ. Fèrè méjì ni mo ń fọn, òun náà ń gbọ́wọ́ sókè."

"Bọ̀dá, ọ̀gá á lé yín lẹ́nu iṣẹ́ o."

"Jẹ́ kó lé mi ná." Ó fọ ojú, ó nù ún. "Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, tí ọwọ́ yẹn ò bá wá gòkè lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Ìyá Oníbọ́ọ̀sì ki ọwọ́ bọ àpò. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ dúró," ni ó wí. "Ẹ pa bọ́ọ̀sì náà, kí ẹ wọlé."