Ọwọ́ Hanifah Lójú Fóònù

Okùn fáíbà ni Kabir máa ń so pọ̀, okùn gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán gba inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Òun àti Hanifah, ìyàwó rẹ̀, gba yàrá kan ní Lasunwon, n'Íkòròdú. Àìsàn ti di Hanifah létí láti kékeré, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ti mọ́ Kabir lára débi pé ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ lójú àlá.

Oyún Hanifah pé oṣù méje nígbà tí wọ́n rán Kabir lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n lè fa fáíbà dé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ tí kò lágbára. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fídíò. Ẹni tó ń gbọ́rọ̀ lè gbọ́ ohùn lásán kọ́kàn rẹ̀ balẹ̀. Ti Hanifah kò rí bẹ́ẹ̀: àwòrán á dúró gbagidi, ìka rẹ̀ á di kùrukùru. Lọ́jọ́ kan, Kabir rí i tó ń sunkún, kò sì mọ ohun tó ń sọ. Hanifah wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: “Kò sí nǹkan. Ọmọ ń tàpá ni. Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún ẹ.”

Lọ́jọ́ kejì, kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ dé irà, omi sì kún un. Ọ̀gá wọn, Ẹnjiníà Fáṣínà, ní kí wọ́n dúró dìgbà tí òjò bá dá.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Kabir wí, “òpó kan wà létí títì níbí. Ẹ jẹ́ kí fáíbà parí síbẹ̀. Ká gbé díìṣì kan sórí rẹ̀, ká gbé èkejì sórí ti abúlé, kí afẹ́fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán láti díìṣì kan dé èkejì, ré kọjá irà.”

“Kí ló ń lé ọ?”

Kabir sọ fún un. Fáṣínà pe ọ́fíìsì pé kí wọ́n fi díìṣì méjì ránṣẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún ni díìṣì dé. Fáṣínà fúnra rẹ̀ gun òpó abúlé, ó ń yí díìṣì náà díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì fi kọjú síra. Ní ìrọ̀lẹ́, Kabir pe ilé. Ọwọ́ Hanifah hàn kedere, ìka kan kò sọnù.

“Kí ni ìyàwó rẹ ń wí?” ni Fáṣínà bi í.

“Ó ní mo ti rù, sà. Ó ń bá mi wí ni.”

Fáṣínà rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé kò gbọ́ èdè ọwọ́, síbẹ̀ ó kẹ̀yìn sí wọn, kí tọkọtaya lè sọ tinú wọn.