Gìtá Onírin Pakẹ́kẹ́

Ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Pakẹ́kẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà á sì máa dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ náà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń kan ara mọ́tò, tó ń na èyí tó tẹ̀, tó ń tún èyí tó wó ṣe. Mọ́tò ìbáà pariwo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa gbọ̀n bí eyín arúgbó, á ti pa kẹ́kẹ́ kó tó jáde. Á jókòó sẹ́yìn mọ́tò, á dijú, á ní, "Nọ́ọ̀tì kan ti tú lábẹ́ àga awakọ̀." Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á sì ti bá a. Kò sí ohun tó kórìíra bí irin tó ń gbọ̀n.

Ohun kejì tó gbà á lọ́kàn ni gìtá bàbá rẹ̀. Kì í ṣe gìtá onípákó o. Irin ni ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń dán bí ṣíbí tuntun, ó sì dàgbà ju màmá rẹ̀ lọ. Inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀ ti ṣe alásè, atukọ̀ kan ló tà á fún un níbẹ̀, tó sì kọ́ ọ bí àwọn ará erékùṣù Hàwáì ṣe ń ta á. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan bí ọmọ ọwọ́, ọwọ́ ọ̀tún á máa ta okùn, ọwọ́ òsì á máa fi ọ̀pá irin kékeré kan yọ̀ lórí okùn náà, ohùn á wá máa fà lọ sókè sódò bí ẹni ń kun orin. Nínú ikùn gìtá náà ni àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, ó tó ọmọrí ìkòkò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, bàbá á máa ta á, màmá á jókòó tì í, màmá á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé etí gìtá. Etí màmá ti ń kú díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí bàbá fi máa kú, màmá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Gìtá bá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni Pakẹ́kẹ́ fà á jáde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ò gbójú fò ó. "Mọ́tò tẹ́ ẹ pa lẹ́nu mọ́ lánàá, ohùn ẹ̀ dùn ju èyí lọ." Ṣùgbọ́n màmá rí i lọ́jọ́ kan, ni wọ́n bá ní, "Lọ́jọ́ tí mo bá pé ọgọ́rin ọdún, orin bàbá ẹ ni kó o ta fún mi. Mi ò fẹ́ nǹkan míì."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí màmá pé ọgọ́rin ọdún, ó tú gìtá náà láti nù ún dáadáa. Ló bá rí àwo inú rẹ̀. Wọ́n kàn gbé e jókòó síbẹ̀ ni, kò sí nọ́ọ̀tì kankan tó dè é. Ó fi ìka ta á, ó sì gbọ̀n. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta gìtá tó bàjẹ́. Ó gé rọ́bà etí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó fi há àwo náà yíká, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó dè é pinpin. Gọ́ọ̀mù náà ní láti gbẹ, nítorí náà kò fọwọ́ kan okùn mọ́ títí di ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ náà, pálọ̀ kún fún ẹbí. Pakẹ́kẹ́ tẹ́ gìtá sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà ń jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé etí gìtá, wọ́n ń dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n wò ó, wọ́n tún gbé e padà.

"Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ó ti ta á dé ìdajì. Ojú ti Pakẹ́kẹ́ débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni.

"Kí lẹ ṣe sí gìtá yìí?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo tún un ṣe ni. Nǹkan kan ń gbọ̀n nínú ẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá wọn, ṣé mọ́tò ni?"

Ìgbà yẹn ló tó yé e pé gbígbọ̀n àwo náà gan-an ni màmá ń fi ọwọ́ gbọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun mú súkúrúdíráfà wá. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti tú gìtá náà ká, ó fi ọ̀bẹ bọ́tà họ gọ́ọ̀mù, ó fa rọ́bà jáde wẹ́wẹ́wẹ́. Tíì àwọn àlejò tutù, ẹnikẹ́ni ò sì dìde. Nígbà tó fi ìka ta àwo náà, tó gbọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó dá okùn padà, ó fà á le, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohùn náà kún pálọ̀. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, ojú wọn sì tàn. Wọ́n dijú, orí wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Inú Pakẹ́kẹ́ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí okùn, ṣùgbọ́n kò dúró.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí orin náà parí, màmá fi ìka gbá a lọ́wọ́.

"Padà sẹ́yìn. O fo ibì kan. Bàbá ẹ kì í fò ó."

Òótọ́ ni. Ibẹ̀ le, ọdún méjì ló sì ti ń fò ó, ìyàwó rẹ̀ tí etí rẹ̀ méjèèjì pé ò fura rí. Pakẹ́kẹ́ nu ojú, ó padà sẹ́yìn, ó sì rọra ta á. Màmá ò gbé ọwọ́ wọn kúrò.